RTX 2080 Ti méjì nínú kọ̀ǹpútà kan: ṣé kí n so wọ́n pọ̀, àbí kí n tà wọ́n kí n ra ẹyọ kan tuntun?

AláGéèmù_Òru

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Mo ní RTX 2080 Ti kan, káàdì Nvidia tó ń ya àwòrán géèmù, tí mo ti ń lò bọ̀ láti bí ọdún mẹ́rin. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń pààrọ̀ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì fẹ́ fi 2080 Ti tirẹ̀ ta mí lọ́rẹ. Irú kan náà ni wọ́n, 11 GB. Mọ́dábọ́ọ̀dù mi ní ihò PCIe gígùn méjì (ibi tí wọ́n ń ki káàdì sí), PSU mi tó ń pín iná jẹ́ 750 W, mọ́nítọ̀ mi jẹ́ 1440p, 165 Hz.

Èrò mi ni pé kí n wá afárá NVLink, kí n so méjèèjì pọ̀. Bí ọ̀kan bá ń fún mi ní férémù (àwòrán) 70 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, méjì á fún mi ní 140, VRAM (mẹ́mìrì orí káàdì) á sì di 22 GB, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ẹnì kan ní kí n má ṣe dán an wò, pé kí n ta méjèèjì, kí n fi owó wọn ra ẹyọ kan tó lágbára jù wọ́n lọ. Àwọn géèmù tuntun ni mo sábà máa ń ṣe, àti Shadow of the Tomb Raider tí mi ò tíì parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Kíákíá_Ni

Tà wọ́n. Àsìkò káàdì méjì ti kọjá. Àwọn géèmù tuntun tí ò ń sọ yẹn ò ní mọ̀ rárá pé ìkejì wà níbẹ̀.

Bàbá_Voodoo

Ọ̀rọ̀ Kíákíá_Ni ò jìnnà sí òótọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ìdí rẹ̀, ìdí yẹn ló sì máa ràn ọ́ lọ́wọ́ láti pinnu, àbúrò. Jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ó ṣojú mi.

Lọ́dún 1998 ni 3dfx gbé Voodoo2 jáde. Ẹni tó bá ní méjì lè fi wáyà pẹlẹbẹ kan so wọ́n pọ̀ nínú àpótí kọ̀ǹpútà. SLI ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ìlà ojú mọ́nítọ̀ ni wọ́n fi ń pín iṣẹ́ nígbà yẹn: káàdì kan ya ìlà kìíní, èkejì ya ìlà kejì, ti àkọ́kọ́ tún ya ìkẹta, bẹ́ẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé férémù kan náà ni àwọn méjèèjì ń yà ní àkókò kan náà. Wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀, wọ́n jọ parí.

Nvidia ló ra ohun ìní 3dfx nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà dojú dé. Ní 2004, Nvidia tún orúkọ SLI gbé dìde pẹ̀lú àwọn GeForce 6. Ọdún kejì rẹ̀ ni ATI, tó di ti AMD lẹ́yìn náà, gbé CrossFire tirẹ̀ jáde, tí ọ̀kan nínú káàdì méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀gá, pẹ̀lú wáyà tó yọ sẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Orúkọ SLI kan náà ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ inú rẹ̀ ti yàtọ̀. Ọ̀nà pínpín tó wá gbilẹ̀ ni AFR: káàdì kìíní ya férémù kìíní tán pátápátá, káàdì kejì ya férémù kejì, wọ́n á wá máa gbà á fún ara wọn bẹ́ẹ̀.

Níbẹ̀ ni ìdáhùn ọ̀rọ̀ VRAM rẹ wà. Nígbà tí káàdì kọ̀ọ̀kan bá ń ya odindi férémù, gbogbo àwòrán ara ògiri, ara igi, ara ènìyàn inú géèmù ló gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ káàdì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀dà kan náà ló wà níhà méjèèjì. 11 GB rẹ á ṣì jẹ́ 11 GB. Bí ènìyàn méjì bá ra ìwé kan náà, ojú ìwé tí wọ́n ní láti kà ò pọ̀ sí i. GTX 690 tó jáde ní 2012, tó jẹ́ ṣíìpù méjì lórí káàdì kan, 4 GB ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, ṣùgbọ́n 2 GB ni géèmù ń rí lò.

Lóòótọ́, NVLink gba káàdì kan láyè láti ka mẹ́mìrì èkejì. Àmọ́ sọ́fítíwíà tí wọ́n bá dìídì kọ fún un nìkan ló ń jàǹfààní rẹ̀, bí àpẹẹrẹ Cycles inú Blender, sọ́fítíwíà àwòrán 3D. Géèmù kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

AláGéèmù_Òru

Ẹ ṣeun gan-an, bàbá. Ọ̀rọ̀ VRAM ti yé mi. Àmọ́ mo rí àwọn fídíò àtijọ́ tí wọ́n fi ń wọn káàdì méjì, iye férémù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì nínú géèmù kan. Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa ni?

Méjì_Mo_Lò

Wọn ò parọ́. Èmi lo GTX 1080 Ti méjì láti 2017 títí ọ̀kan fi kú mọ́ mi lọ́wọ́, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ rántí bí nǹkan ṣe rí nígbà yẹn. Mọ́nítọ̀ 4K ti dé, ṣùgbọ́n káàdì ẹyọ kan tó lè gbé e tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn pẹ̀lú gbogbo sẹ́tìn lókè pátápátá ò sí. Ẹni tó bá fẹ́ 4K tó ń ṣàn, méjì ló máa rà. Nínú géèmù tí wọ́n bá kọ profáìlì rẹ̀ (ètò bí káàdì méjì ṣe máa pín iṣẹ́ rẹ̀) dáadáa sínú dráífà, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń darí káàdì, káàdì kejì á fi èyí tó pọ̀ kún un. Mo fojú ara mi rí i.

Ohun tó ń dùn mí ni bí ẹni tí kò lò ó rí ṣe máa ń sọ pé ẹ̀tàn ni. Iṣẹ́ ńlá làwọn tó kọ dráífà ṣe. Bí géèmù tuntun bá jáde, mo máa ń dúró de profáìlì rẹ̀. Nígbà míì ó bá géèmù dé lọ́jọ́ kan náà. Nígbà míì, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà míì kò dé rárá, káàdì kejì á kàn jókòó síbẹ̀ bí ère, fáànù rẹ̀ á dúró jẹ́ẹ́. Mo gbà pé ìyà wà nínú ìyẹn. Síbẹ̀, ọjọ́ tó bá ṣiṣẹ́, ó ṣiṣẹ́.

Ojú_Lẹ̀rí

Mo bọ̀wọ̀ fún ìrírí yín, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ èmi náà lo méjì, GTX 970 ni, ohun tí ojú mi rí ò sì bá nọ́ńbà mu.

Géèmù eré ọkọ̀ ló jẹ́ kí n mọ̀. Nọ́ńbà tó wà ní igun mọ́nítọ̀ ń sọ pé 90. Mo wá tẹjú mọ́ òpó iná tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, bó ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ mi. Nígbà tó jẹ́ káàdì kan ṣoṣo, ní 60, òpó yẹn máa ń yọ́ kọjá ni. Pẹ̀lú méjì, ní 90, òpó ń fò. Ó fò, ó dúró, ó fò, ó dúró. Mo lọ pa káàdì kejì nínú sẹ́tìn, mo tún padà sójú ọ̀nà kan náà: òpó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Mo ṣe é tó ìgbà mẹ́rin kí n tó gba ojú mi gbọ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Bí férémù 60 bá wọ inú sẹ́kọ́ńdì kan, tí àlàfo àárín wọn sì dọ́gba, férémù kọ̀ọ̀kan á gba nǹkan bíi 16.7 ms (ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún sẹ́kọ́ńdì). Nínú AFR, káàdì méjèèjì lè parí férémù wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n tún wá jọ dákẹ́. Ká ní férémù kan dé lẹ́yìn 3 ms, tí èyí tó tẹ̀ lé e dé lẹ́yìn 30 ms. Méjì ló wọlé láàárín 33 ms, ẹ̀rọ tó ń kà wọ́n á sì kọ 60. Ojú ò ka 60. Ojú rí méjì tó lẹ̀ mọ́ra bí ẹyọ kan, lẹ́yìn náà ó rí àlàfo. Bíi 30 ló rí lójú. Bí ẹ bá ya àkókò férémù kọ̀ọ̀kan sórí ìlà, ìlà náà á rí ṣákaṣàka bí eyín ayùn.

Ó ti pẹ́ táwọn oníṣirò ti rí èyí. Ní 2011 ni ìkànnì The Tech Report bẹ̀rẹ̀ sí í wọn àkókò férémù kọ̀ọ̀kan dípò kí wọ́n kàn ka iye férémù inú sẹ́kọ́ńdì. Ní 2013, Nvidia gbé irinṣẹ́ FCAT jáde, tó máa ń fi àwọ̀ kan kun ẹ̀gbẹ́ férémù kọ̀ọ̀kan, kí a lè ká ohun tó dé mọ́nítọ̀ gan-an sílẹ̀ kí a sì wò ó. Ìgbà yẹn ni àṣírí tú pé nínú CrossFire, férémù kan lè hàn lójú mọ́nítọ̀ ní ìwọ̀nba ìlà díẹ̀ péré kí èkejì tó bò ó. Férémù aràrá ni mo máa ń pè wọ́n. Wọ́n kà á mọ́ iye, ojú ò sì rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀. AMD tún dráífà wọn ṣe nínú oṣù kẹjọ ọdún yẹn, kí àlàfo férémù lè máa dọ́gba, nǹkan sì sàn lẹ́yìn náà.

Nǹkan kan tún wà tí kò sí nínú àwòrán ìwọ̀n kankan. Nínú AFR, férémù kọ̀ọ̀kan ṣì ń gba iye àkókò tó ń gbà lórí káàdì kan. Wọ́n kàn ń yà méjì pa pọ̀ ni. Torí náà, nọ́ńbà yá, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ lórí máùsì ò yá. Ẹni tó bá ń ṣe géèmù ìbọn yíyìn á mọ̀ ọ́n lára.

Méjì_Mo_Lò

Mi ò bá ọ jiyàn lórí 970 àti àwọn ọdún yẹn. Ní ti 1080 Ti, afárá tuntun tí wọ́n ṣe fún un gbòòrò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èmi náà sì máa ń fi òté lé iye férémù, kí káàdì méjèèjì má bàa máa sáré kọjá agbára wọn. Ìkọsẹ̀ yẹn dín kù gan-an. Kò tán, ṣùgbọ́n ó dín kù débi tí mo fi lè gbàgbé rẹ̀.

Bàbá_Voodoo

Òótọ́ lẹ̀yin méjèèjì sọ. Jẹ́ kí n wá sọ ohun tó pa á, torí kì í ṣe ìkọsẹ̀ nìkan.

Èyí tó lágbára jù ni pé férémù ò dá dúró mọ́. Nígbà kan, géèmù máa ń ya férémù kan, á jù ú nù, á sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn látorí òfo. Ní báyìí, TAA tó ń dán etí àwòrán ń wo férémù tó kọjá kó tó parí èyí tó wà lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ń ṣe bẹ́ẹ̀. DLSS ti Nvidia, tó ń sọ àwòrán kékeré di ńlá, náà ń kó ohun tó rí nínú àwọn férémù àná jọ láti fi ṣe ti òní. Wàyí o, nínú AFR, ọwọ́ káàdì kejì ni férémù àná wà! Káàdì kìíní gbọ́dọ̀ dúró kí èkejì parí, kí ó sì fi í ránṣẹ́. NVLink orí 2080 Ti gbòòrò tó 100 GB láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, ní àlọ àti àbọ̀ pa pọ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀nà ti wù kó gbòòrò tó, kò lè gbé ohun tí wọn ò tíì ṣe tán. Wọ́n á máa dúró de ara wọn, àǹfààní á sì ti bá ìdúró lọ.

Ìkejì ni pé ẹrù ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí ẹni tó ń rù ú. Láyé DirectX 11, ohun tí géèmù fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀ lórí Windows, ilé-iṣẹ́ tó ṣe káàdì ló ń fi dráífà ṣètò rẹ̀ lẹ́yìn géèmù. Nígbà tí DirectX 12 dé ní 2015, ẹni tó ṣe géèmù fúnra rẹ̀ ló wá gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Àwọn kan kọ ọ́. Géèmù Ashes of the Singularity tilẹ̀ lo GeForce ti Nvidia àti Radeon ti AMD pa pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà kan, ìyẹn sì yà wá lẹ́nu gan-an nígbà yẹn. Shadow of the Tomb Raider tí o kò tíì parí, òun náà wà lára ìwọ̀nba díẹ̀ tó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa na owó oṣù púpọ̀ sórí nǹkan tí ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ní?

Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn ṣe ń tì díẹ̀díẹ̀. GTX 1060 ti 2016 ò ní ojú afárá. Nínú RTX 20, 2070 àkọ́kọ́ ò ní. RX 5700 ti AMD ní 2019 ò gba CrossFire. Nínú RTX 30, 3090 àti 3090 Ti nìkan ló ní NVLink. RTX 4090 ò ní rárá. Nvidia sì kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2021, àwọn ò ní kọ profáìlì SLI tuntun mọ́ fún RTX 20 àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Káàdì tìrẹ gan-an nìyẹn, àbúrò.

Kí o tó ra afárá kankan, ṣí ìwé mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ. SLI ń fẹ́ kí ihò kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà PCIe mẹ́jọ ó kéré tán. Gígùn ihò ò sọ iye ọ̀nà tó wà nínú rẹ̀.

AláGéèmù_Òru

Mo ti wò ó. Mo tú ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, mo tan iná fóònù sínú ihò ìsàlẹ̀. Ní òde, gígùn rẹ̀ bá ti òkè mu. Ṣùgbọ́n àwọn eyín irin inú rẹ̀ ò dé ìdajì, ibi tó kù jẹ́ ike lásán. Mo wá ṣí ìwé rẹ̀: ihò òkè jẹ́ x16 (ọ̀nà mẹ́rìndínlógún) láti ara CPU, ti ìsàlẹ̀ jẹ́ x4 (ọ̀nà mẹ́rin péré), láti ara chipset, PCIe 3.0.

Ọ̀rọ̀ SLI ti parí nìyẹn. Inú mi ò dùn, kí n má parọ́. Káàdì tó dára báyìí, tí ẹnì kan fún mi lọ́fẹ̀ẹ́!

Pín_Iṣẹ́

Má tíì dá a padà, ọ̀rẹ́ mi.

Gbogbo ohun tí wọ́n ti ń sọ látòkè dá lórí pé kí káàdì méjì jọ ṣe iṣẹ́ kan náà. Ọ̀nà míì wà: fún káàdì kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Sọ́fítíwíà kan wà lórí Steam, ìsọ̀ géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń pè ní Lossless Scaling. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀, LSFG, tó máa ń wo férémù méjì tí géèmù yà, á wo bí nǹkan ṣe ṣípò láàárín wọn, á sì dá férémù mìíràn sí àárín. Lórí káàdì kan ṣoṣo, inú agbára tí géèmù ń lò ló ti máa bù ú. Bí géèmù bá ń ṣe 70, ó lè já wálẹ̀ kí o tó fi ìlọ́po sí i. Ṣùgbọ́n bí káàdì kejì bá wà, òun ló máa gba iṣẹ́ yẹn ṣe. Káàdì kìíní á máa ya géèmù láìsí ìdíwọ́.

Kò bèèrè afárá. Kò bèèrè profáìlì. Kò pọn dandan kí káàdì méjèèjì jọra, kódà wọ́n lè wá láti ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Géèmù náà gbà pé káàdì kan ló wà, TAA àti DLSS sì ń ṣiṣẹ́ wọn bó ṣe yẹ, torí pé ibì kan náà ni gbogbo férémù gidi ti ń jáde.

Ọ̀nà tí férémù ń gbà lọ ni kí o fi sọ́kàn: káàdì òkè yà á, ó gba PCIe kọjá sí káàdì ìsàlẹ̀, ti ìsàlẹ̀ dá férémù àárín, ó sì fi gbogbo rẹ̀ sí mọ́nítọ̀. Nítorí náà, ara káàdì ìsàlẹ̀ ni wáyà mọ́nítọ̀ gbọ́dọ̀ wà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà.

Ní ti x4 tó ń bà ọ́ nínú jẹ́, jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Férémù 1440p kan jẹ́ 2560 lọ́nà 1440, báìtì mẹ́rin fún píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan: nǹkan bíi 14.7 MB. Bí o bá fi òté sí 80 férémù, 1.2 GB ni yóò máa kọjá láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Ọ̀nà mẹ́rin PCIe 3.0 lè gbé tó 3.9 GB. Àyè ṣì wà. Ká ní 4K lo ń lò ni, á di 2.65 GB, tí o bá sì tan HDR tí píksẹ́lì ń gba báìtì mẹ́jọ, á di 5.3. Ìyẹn ò ní lè kọjá. Ṣùgbọ́n 1440p rẹ á kọjá.

Ooru_Lọ̀tá

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí ọ̀rọ̀ iná àti ooru ni wọ́n máa ń fò dá, ìkan náà ló sì máa ń ba káàdì jẹ́. 2080 Ti kan ń jẹ 250 W tàbí 260 W, ó sì lè fò kọjá bẹ́ẹ̀ fún ìgbà kúkúrú gan-an. Méjì tó ń sáré tán pátápátá lórí 750 W, pẹ̀lú CPU, mi ò ní fọwọ́ sí i. Fún LSFG, ti ìsàlẹ̀ ò ní sáré tán, torí náà ó ṣeé ṣe, àmọ́ lo MSI Afterburner láti dín agbára tí wọ́n gbà á láyè láti jẹ kù. Wáyà iná ọ̀tọ̀ fún káàdì kọ̀ọ̀kan, má ṣe fi wáyà kan bọ́ méjì.

Wo àlàfo àárín wọn pẹ̀lú. Káàdì òkè ló máa ń jìyà, torí ẹ̀yìn gbígbóná káàdì ìsàlẹ̀ ni fáànù rẹ̀ dojú kọ. Bí ìka méjì ò bá lè wọ àárín wọn, fi fáànù kan sí ẹ̀gbẹ́ àpótí, kó máa fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù sí àárín yẹn tààrà.

Aṣèranti_Géèmù

Kí n yà díẹ̀. Èmi náà ní káàdì méjì nínú kọ̀ǹpútà, nítorí PhysX, ohun tí Nvidia fi ń ṣe bí nǹkan ṣe ń fọ́ tàbí rú nínú géèmù. Nígbà tí RTX 50 jáde ní 2025, wọn ò kọ́kọ́ gba PhysX oní 32-bit ti àwọn géèmù àtijọ́, àwọn géèmù bíi Borderlands 2 àti Mirror's Edge sì wá ń wọ́lẹ̀ bí ẹni tó rẹ̀, nígbàkúùgbà tí gíláàsì bá fọ́ tàbí tí èéfín bá rú. Mo gbé káàdì àtijọ́ kékeré kan sí ihò ìsàlẹ̀, mo yan án fún PhysX nínú sẹ́tìn Nvidia. Gíláàsì tún ń fọ́ dáadáa. Ọ̀rọ̀ Pín_Iṣẹ́ ló rán mi létí rẹ̀, torí iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni èyí náà.

AláGéèmù_Òru

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti ṣe é.

Ọjọ́ kìíní, mo ṣe àṣìṣe tí wọ́n kìlọ̀ fún mi. Mo gbé káàdì kejì sí i, mo yan án nínú Lossless Scaling, ṣùgbọ́n mo gbàgbé wáyà mọ́nítọ̀ sára ti òkè. Férémù ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, ó tún ń gun òkè padà wá. Géèmù burú ju ti káàdì kan lọ, ńṣe ni máùsì dà bí ẹni pé inú omi ni mo ti ń fà á.

Ọjọ́ kejì, mo yí wáyà sí ti ìsàlẹ̀. Ìṣòro míì tún yọjú: géèmù lọ ń yà lórí káàdì ìsàlẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni mọ́nítọ̀ wà. Lórí Windows 11, mo wọ Settings, System, Display, Graphics láti yan èyí tí yóò máa ya géèmù. Orúkọ méjèèjì bára mu, n ò mọ èyí tó jẹ́ èwo. Mo wá ṣí Task Manager, mo ń wo GPU 0 àti GPU 1, mo yan ọ̀kan, mo ṣí géèmù, mo wò ó bóyá ti òkè ló gbéra. Ìgbà kejì ló bọ́ sí i. Ẹni tó bá ní káàdì méjì tó jọra gẹ́lẹ́, kó fi sọ́kàn.

Lẹ́yìn náà mo fi òté 80 sí géèmù, mo sọ LSFG di ìlọ́po méjì. 160 lórí mọ́nítọ̀ 165 Hz. Mo rántí òpó iná Ojú_Lẹ̀rí. Mo wọ géèmù tí mo ti lè gun ẹṣin, mo sáré gba ẹ̀gbẹ́ igbó, mo tẹjú mọ́ ìtì igi tó ń kọjá lọ. Wọn ò fò. Wọ́n yọ́ kọjá, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, mo sì rí èèpo ara igi kí ó tó kọjá tán. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́. Ìlà àkókò férémù fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ojú_Lẹ̀rí

Inú mi dùn sí i. Àmọ́ kí àwọn tó ń kà á má ṣi í gbọ́: 80 ni géèmù ń ṣe, 80 ni ọwọ́ rẹ ń mọ̀. Férémù àárín ò mọ̀ pé o ti tẹ bọ́tìnnì. Sọ́fítíwíà náà sì gbọ́dọ̀ ní férémù tó ń bọ̀ lọ́wọ́ kó tó lè dá ti àárín, nítorí náà ó ń dá nǹkan dúró díẹ̀. Káàdì kejì ń dín ìdádúró yẹn kù, kò lè pa á rẹ́. Bí géèmù bá ń ṣe 30, má fi sí i, á kàn jẹ́ 60 tó wúwo lọ́wọ́ ni. Kí ni o rí ní ẹ̀gbẹ́ ara ènìyàn àti àwọn àkọlé ojú géèmù?

AláGéèmù_Òru

Òótọ́ ni, mo rí i. Bí mo bá yí ojú kámẹ́rà padà lójijì, ẹ̀gbẹ́ èjìká ẹni tí mò ń darí máa ń gbọ̀n bí afẹ́fẹ́ orí ọ̀dà gbígbóná. Àmì ìfojúsùn ní àárín mọ́nítọ̀ náà máa ń fà díẹ̀. Nínú géèmù ìbọn tí mo ń bá àwọn ẹlòmíì díje, mo pa á pátápátá, káàdì kan ni mo ń lò níbẹ̀. Nínú àwọn géèmù ìtàn tí mo ń ṣe jẹ́ẹ́, mi ò lè padà sẹ́yìn mọ́.

Méjì_Mo_Lò

Káàdì òkè ńkọ́, ṣé kò gbóná jù?

AláGéèmù_Òru

Ó gbóná, ẹ̀gbọ́n. Lọ́jọ́ kìíní ó lé ní 80 dígírì, fáànù rẹ̀ sì ń hu gan-an. Mo dín agbára ti ìsàlẹ̀ kù bí Ooru_Lọ̀tá ṣe wí, mo sì so fáànù kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí. Ó ti rọlẹ̀ báyìí, mo lè gbọ́ ohùn ara mi.

Bàbá_Voodoo

O káre. 2080 Ti tóbi ju iṣẹ́ tí o fún un ní ìsàlẹ̀ lọ, káàdì tó kéré sí i gan-an lè ṣe é ní 1440p. Ṣé o ti ro ibi tí o máa gbé e lọ bó bá yá?

AláGéèmù_Òru

Mo ti rò ó, bàbá. Bí mo bá rí owó káàdì tuntun, ihò òkè ló máa wọ̀, 2080 Ti tèmi á sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Èyí tí wọ́n fún mi á lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin. Blender ló ń lò lójoojúmọ́, káàdì kan ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo sì ti ní kó ṣí ìwé mọ́dábọ́ọ̀dù tirẹ̀ wò kí n tó gbé e wá.